Ẹni Tó Ra Ẹṣin Láìní Koríko: Ìtàn Ojú Òru, Láti Fìtílà Dé Awò Àwọn Ológun

 

Lásìkò kajú tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí a ti kọ́ ní kíláàsì rí wá bá wa nílé ní Tchaourou ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti di àgbẹ̀ báyìí. Oko kajú rẹ̀ wà lọ́nà Kika, níhà tó kọjú sí Nàìjíríà. Ó ní olè ń yọ òun lẹ́nu lóru. Bí òun bá sùn nílé, kí ilẹ̀ tó mọ́, èso tó ti jábọ́ sábẹ́ igi ti lọ. Bí òun bá sùn sóko, ẹni tó ń bọ̀ á rí iná tọ́ọ̀ṣì òun látòkèèrè, á sì yà gba ibòmíràn.

Ló bá fa fóònù yọ, ó fi àwòrán kan hàn wá. Awò dúdú kan ni, irú èyí tí àwọn sójà máa ń dè mọ́ iwájú orí láti fi ríran nínú òkùnkùn. Ẹnìkan ní òkè òkun ló fẹ́ tà á. Ti ológun ni, wọ́n ti lò ó rí, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́wàá iye tí wọ́n ń ta tuntun. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ìdí nìyí tó fi gbé e wá bá wa. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí òun rà á?

A bi í ní ìbéèrè tiwa: "Kí ni yóò máa jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré. Ní Borgou níbí, láàárín àwọn Ìbàrìbá tí a jọ ń gbé, ẹṣin kì í ṣe ohun àjèjì. Ẹni tó ra ẹṣin láìní koríko, ẹrù ló rà. Gbogbo ohun tí ọmọ aráyé ti fi ríran lóru láti ọjọ́ pípẹ́ wá, bí ẹṣin ni wọ́n rí. Rírà wọn kì í sábà ṣòro. Bíbọ́ wọn ni iṣẹ́. Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí nìyẹn. Kí ẹ má ṣe rò pé a ti yà kúrò lójú ọ̀nà, a ó padà sọ́dọ̀ olóko kajú náà.

Kí àwọn Faransé tó dé, fìtílà ni àwọn baba wa ń tàn. Àwo amọ̀ kékeré ni, òwú ni wọ́n ń lọ́ sí ẹnu rẹ̀, epo sì ni oúnjẹ rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní gúúsù, níhà Kétu àti Ṣakété, epo pupa àti àdín pọ̀. Ní tiwa lókè níbí, òrí ni ilẹ̀ fún wa, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní karité. Àwọn obìnrin ń ṣa èso rẹ̀ nínú igbó nígbà òjò, wọ́n ń sè é, wọ́n ń pò ó. Lára rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, lára rẹ̀ ni wọ́n ń fi para, wọ́n sì lè fi ìyókù tan iná.

Ìmọ́lẹ̀ fìtílà kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ohun kan sọ́kàn: àwo amọ̀, òwú àti epo, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti wá. Amọ̀kòkò ń bẹ ládùúgbò, òwú ń bẹ lóko, òrí ń bẹ nínú igbó. Kò sí ọba tó lè ti bọ́dà kí fìtílà ìyá àgbà tìtorí rẹ̀ kú.

Lẹ́yìn náà ni làǹtánì dé, tòun ti gíláàsì tí atẹ́gùn kò lè fẹ́ iná inú rẹ̀ pa. Oúnjẹ rẹ̀ ni epo tí àwa tí a kọ́ Faransé ń pè ní petróòlù. Níbí ni kí ẹ ti ṣọ́ra, ẹ̀yin ará Nàìjíríà, nítorí èyí tí ẹ̀ ń pè ní pẹtiróòlù, tí mọ́tò ń mu, ẹ̀sáǹsì ni àwa ń pè é. Petróòlù tiwa ni kẹrosíìnì tiyín. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí lọ́jà, ó sì lè dá iná sílẹ̀ nínú ilé. Ẹ bá wa kọ́ àwọn ọmọ.

Ọkọ̀ ojú irin ló mú kí làǹtánì rọrùn fún àwọn ará òkè. Ojú irin tó gbéra ní Cotonou dé Ṣábẹ, tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, ní 1911. Ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n nà án kọjá Tchaourou dé Parakou, 438 kìlómítà láti etí òkun. Iyọ̀, aṣọ àti garawa epo ń bá ọkọ̀ gòkè, òwú àti ẹ̀pà ń bá a sọ̀kalẹ̀. Ilé ń mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ọmọ ilé ìwé ń rí ìwé kà lálẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ iná ti kúrò lọ́wọ́ wa. Bí ọkọ̀ kò bá dé, òkùnkùn dé.

Ọkọ̀ ojú irin kò sí mọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Epo tí gbogbo wa mọ̀ sí kpayo, tó ń gba ọ̀nà igbó láti Nàìjíríà wá, ni ọ̀pọ̀ abúlé wa fi ń rìn, tí wọ́n fi ń lọ ọkà, tí wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí Nàìjíríà ti bọ́dà ní August 2019, tí kò ṣí i títí di December 2020, a rí i. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní 29 May 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, a tún rí i: Abuja ni wọ́n ti sọ̀rọ̀, ẹ̀bá ọ̀nà Tchaourou ni owó ìgò kpayo ti fò sókè.

Àwọn ọdẹ kò dúró lórí làǹtánì. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tàn yíká, kò lọ síwájú. Ohun tí ọdẹ ń fẹ́ ni iná tó máa wà ní iwájú orí, tó máa lọ tààrà bí ọfà, tí ojú ẹran yóò dán padà nínú rẹ̀. Kábáìdì ló fún wọn. Ní 1892 ni Thomas Willson ní Amẹ́ríkà àti Henri Moissan ní Paris, kálukú lọ́tọ̀, rí ọ̀nà láti ṣe é nínú iná ìléru mànàmáná. Òkúta aláwọ̀ eérú ni. Bí omi bá kán sí i, afẹ́fẹ́ kan á jáde tó ń jó funfun báláú. Àwọn awakùsà ló kọ́kọ́ ń dè é mọ́ fìlà kí ó tó kan àwọn ọdẹ wa. Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ ọdẹ, ẹ ó rántí òórùn rẹ̀, bí àlùbọ́sà áyù.

Kò sí alágbẹ̀dẹ kan ní gbogbo Borgou tó lè rọ kábáìdì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jó irin pọ̀ ni ọdẹ ti ń rà á, nítorí àwọn náà ń lò ó fún iṣẹ́ wọn. Bí kò bá sí lọ́dọ̀ ajórinpọ̀, iná orí ọdẹ di ohun ọ̀ṣọ́. Ọdẹ tó gbó ẹnu ìbọn, tó mọ ewé, tó mọ ipa ẹran, ọwọ́ ajórinpọ̀ ni alẹ́ rẹ̀ wà.

Nígbà náà ni tọ́ọ̀ṣì gba ipò. Ohun tó ń jẹ, bátìrì ni ẹ̀yin ń pè é, píìlì ni àwa ń pè é, ohun kan náà ni. Georges Leclanché, ọmọ Faransé, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1866. Omi wà nínú ti Leclanché, ó sì ń dà. Ní 1886, Carl Gassner ní Jámánì sọ ọ́ di gbígbẹ tí a lè kì bọ àpò. Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, píìlì olórí ẹkùn láti Guangzhou ní Ṣáínà ló kún ọjà wa. Ẹ ó rántí bí a ṣe ń sá píìlì tó ti kú sórí páànù nínú oòrùn ọ̀sán kí ó lè jí fún wákàtí kan sí i lálẹ́. Àwọn mìíràn ń fi ìṣó lu ihò sí i, wọ́n ń fi omi iyọ̀ sí i. Kì í ṣe ọgbọ́n àwọn ọmọdé nìkan. Àwọn àgbà ń ṣe é, nítorí tọ́ọ̀ṣì wà nílé, owó píìlì ni kò sí.

Lẹ́yìn ọdún 2000 ni iná kékeré olóókan tí wọ́n ń pè ní LED dé láti Ṣáínà, tó ń mọ́lẹ̀ púpọ̀ tó sì ń jẹ díẹ̀. Òun ló lé kábáìdì kúrò lórí ọdẹ àti làǹtánì kúrò nínú ọ̀pọ̀ yàrá. Kò sí ìjọba tó pín in fún aráàlú. Ọjà ló gbé e dé. Kò sì borí nítorí pé ó mọ́lẹ̀ nìkan. Ó borí nítorí pé oúnjẹ rẹ̀ kéré.

Bí iná orí ṣe ń lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ni òfin ń lé e. Ní 1933, àwọn ìjọba tó ní ilẹ̀ ní Áfíríkà ṣe àdéhùn ní Lọ́ńdọ̀nù nípa àwọn ẹranko, wọ́n sì dojú kọ lílo iná tó ń fọ́ ẹran lójú. Lẹ́yìn òmìnira, ní 15 September 1968, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fúnra wọn fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn ní Algiers. Ọdẹ òru wà lára ohun tí wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dènà bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ìdí rẹ̀ yé ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ìgalà tó dúró gbagidi nínú iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹran náà kò mọ ibi tí yóò sá gbà.

Títí débí, gbogbo ohun tí a kà, iná ni. Àbùkù kan ló sì pa gbogbo wọn pọ̀: iná ń fi ọ̀nà han ẹni tó gbé e, ó sì ń fi ẹni tó gbé e han ọ̀tá. Olóko kajú wa mọ̀ ọ́n, òun ló ṣe ń wá awò. Àwọn ológun ayé náà mọ̀ ọ́n, òun ló ṣe jẹ́ pé àwọn ló ṣe awò náà.

Ní 1934, ní ilé iṣẹ́ Philips ní Eindhoven, ní Holland, Gilles Holst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìgò kan tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Wọ́n fi ohun kan pa ojú rẹ̀ kan tó jẹ́ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, kódà ìmọ́lẹ̀ infrarouge tí ojú ènìyàn kò lè rí, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á fò jáde. Agbára mànàmáná á fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyí sáré lọ sí òdìkejì ìgò, níbi tí wọ́n ti máa kọ lu ohun tó ń tàn, àwòrán á sì hàn. Ìdí àwòrán aláwọ̀ ewé tí ẹ̀ ń rí nínú fíìmù nìyẹn. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà: kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó lè sáré bẹ́ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt ni ìgò náà ń béèrè. Píìlì tọ́ọ̀ṣì kan, volt kan àti ààbọ̀ ló ní.

Nítorí náà, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ohun tó le kì í ṣe awò, oúnjẹ awò ni. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ní awò tí wọ́n pè ní Vampir lórí ìbọn. Sójà tó bá gbé e, bátìrì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyá tó pọn ọmọ. Àwọn Amẹ́ríkà lo tiwọn ní Okinawa ní 1945, bátìrì wà lẹ́yìn tiwọn náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n mú píìlì kan tí àlùfáà ọmọ Ítálì kan, Giuseppe Zamboni, ti ṣe ní 1812, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bébà pẹlẹbẹ to lé ara wọn nínú rẹ̀. Píìlì Zamboni kò lè tan iná tọ́ọ̀ṣì, agbára rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n volt rẹ̀ pọ̀, ó sì lè wà fún ọdún púpọ̀ kó tó kú. Ọgbọ́n àlùfáà tó ti kú tipẹ́ ló bọ́ awò ogun. Nígbà tí ogun parí, lára àwọn awò wọ̀nyí dé ọjà àlòkù, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ sì rà wọ́n. Láti ìgbà náà ni òwò awò ológun àlòkù ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn awò ìgbà ogun yẹn kò lè dá ríran. Wọ́n nílò iná infrarouge tó ń tàn síwájú wọn. Ojú lásán kò rí i, ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá ní awò tirẹ̀, ṣe ni iná yẹn á máa tàn sí i bí tọ́ọ̀ṣì. Àbùkù tọ́ọ̀ṣì ti padà wá. Nígbà ogun Vietnam ni àwọn Amẹ́ríkà gbé irú mìíràn jáde, tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ àti òṣùpá di púpọ̀ láìtan iná kankan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwo gíláàsì tín-ín-rín kan wọ inú ìgò, tó ní àìmọye ihò wẹ́wẹ́. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tó bá gba inú ihò kọjá, ọ̀pọ̀ ló ń bá a jáde ní òdìkejì. Ìgbà yẹn ni awò wá fúyẹ́ tó èyí tí a lè dè mọ́ orí.

Ọ̀kan nínú wọn ni AN/PVS-5 ti àwọn ọdún 1970. Ìtàn rẹ̀ ni kí ẹni tó fẹ́ ra awò àlòkù kọ́kọ́ mọ̀. Píìlì mákúrì kan, 2.7 volt, ni wọ́n ṣe é fún. Ológun ni wọ́n ń ṣe píìlì náà fún, kò sí lọ́jà tọ́ọ̀ṣì. Mákúrì sì jẹ́ májèlé, nítorí náà òfin Amẹ́ríkà ti 1996 lé píìlì mákúrì kúrò nílẹ̀. Ìgbà tí awò náà wá di àlòkù tó rọrùn láti rà, oúnjẹ rẹ̀ ti ń pòórá láyé. Àwọn tó rà á ní láti wá ìdérí píìlì mìíràn tí wọ́n lè ki píìlì kékeré méjì sí. Ọgbọ́n náà kò yàtọ̀ sí ti àwa tí à ń fi ìṣó lu píìlì.

Ológun Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kọ́gbọ́n. AN/PVS-7 tó tẹ̀lé e lè jẹ píìlì kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní AA, irú èyí tí à ń fi sínú rímọ́ọ̀tù tẹlifíṣọ̀n. AN/PVS-14 tó wà lọ́wọ́ wọn títí dòní lè jẹ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹyọ náà sì lè gbé e fún alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó lówó jù láyé pinnu pé ojú òru sójà òun gbọ́dọ̀ máa jẹ ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kọ́nà. Wọ́n mọ̀ pé ẹṣin tó ń jẹ koríko gbogbo ibi ló ń dé òpin ìrìn àjò.

Ní January 1991, nígbà tí ogun Gulf bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá rí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ wa rí ojú ọ̀run Baghdad ní àwọ̀ ewé lóru. Ọmọdé ni wá. A rò pé bí ọ̀run ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ní òpin ọdún yẹn kan náà, Soviet Union tú ká, awò òru wọn sì tú sí ọjà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní owó pọ́ọ́kú. Lára wọn ni PNV-57E, olójú méjì, tí wọ́n ṣe fún awakọ̀ ọkọ̀ ogun. Ó rẹwà lójú, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n inú bátìrì ọkọ̀ ogun ni wáyà rẹ̀ ti ń jẹun, ó sì nílò iná infrarouge iwájú ọkọ̀. Ẹni tó dè é mọ́ orí láìní ọkọ̀, òkùnkùn ló ń wò.

Irú èyí ni a rí nínú àwòrán tí ọmọ wa gbé wá. Ìran àtijọ́ ni, tó ń fẹ́ bátìrì mọ́tò àti iná infrarouge. Ẹni tó ń tà á kò purọ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Owó àti oúnjẹ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Awò òru àwọn ológun kì í kọjá bọ́dà bí aṣọ àlòkù. Amẹ́ríkà kà á mọ́ ohun ìjà. Kò gbọdọ̀ jáde nílẹ̀ wọn láìgba ìwé àṣẹ ìjọba. Ní 2007, ITT, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe awò yìí fún ológun wọn, jẹ́bi pé ó fi àṣírí iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí òkè òkun láìgba àṣẹ, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ 100 mílíọ̀nù dọ́là. Bí wọ́n bá lè mú erin bẹ́ẹ̀, kí ni èkúté yóò sọ? Síbẹ̀ ogun kì í ka ìwé àṣẹ. Nígbà tí ìjọba Kabul wó ní August 2021, lára àwọn awò òru tí Amẹ́ríkà ti kó fún sójà Afghanistan bọ́ sọ́wọ́ Taliban. Nígbà tí ìjọba Gaddafi wó ní Libya ní 2011, ilé ìṣúra ohun ìjà rẹ̀ tú sí aṣálẹ̀ Sahel. Ohun tí ìjọba kan rà fún ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń lò ó.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn fún wa mọ́. Ní February 2022, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kú nínú ìkọlù ní ọgbà ẹranko W, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ wa yìí. Ní 17 April 2025, sójà Bẹ̀nẹ̀ 54 ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo níhà ọgbà kan náà, ìjọba fúnra rẹ̀ ló kéde iye yìí. Ní òpin October ọdún kan náà, ẹgbẹ́ JNIM sọ pé òun ti kọ lu àwọn ọmọ ogun ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ̀yin ará Kwara, ẹ mọ̀ pé bọ́dà kan náà ni oko kajú Kika ń wò. Sójà tó wà nínú igbó wa lóru báyìí, ó ní ìdí láti bẹ̀rù.

Ohun tí a wá sọ fún ọmọ wa nìyí nígbà tó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. A ní: kó béèrè ohun mẹ́ta kó tó náwó. Èkíní, kí ni yóò máa jẹ, ṣé oúnjẹ náà sì wà lọ́jà Tchaourou? Bí kì í bá ṣe píìlì rímọ́ọ̀tù, kó má rà á. Ó dára jù bí ó bá lè jẹ píìlì tí a lè fi oòrùn gba iná sí padà. Èkejì, irú ìran wo ni? Ṣé ó lè fi ìràwọ̀ nìkan ríran, tàbí ó ń fẹ́ iná tirẹ̀? Ọdún mélòó ni ìgò rẹ̀ ti lò? Ìgò òru ń gbó bí ojú ènìyàn, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe níbí. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: ta ni yóò rí ọ? Òru ò mọ olówó, kò sì mọ olóko. Sójà tàbí ọlọ́pàá tó bá pàdé ọkùnrin tó de awò ogun mọ́ orí nínú igbó nítòsí bọ́dà, ṣé èso kajú ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn?

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun ti ronú nípa olè títí, òun kò ronú nípa sójà.

Kò ra awò náà. Òun àti àwọn olóko márùn-ún tó bá a pààlà pa owó pọ̀. Wọ́n ra iná LED tó ń gba agbára láti ara oòrùn, wọ́n gbé e kọ́ sórí òpó láàárín oko, wọ́n sì pín ìṣọ́ òru láàárín ara wọn, méjì méjì. Wọ́n lọ sọ fún olórí abúlé àti àwọn ọlọ́pàá, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn ló wà níbẹ̀. Olè kò tán, a kò ní parọ́ fún yín. Òǹkọ̀wé kan kò lè fi ìtàn lé olè. Ṣùgbọ́n ó ti dín kù, kò sì sí ẹni tó yìnbọn lu ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a lọ kí wọn lóko lálẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó sábẹ́ iná náà, a ń wò ó. Fìtílà àwọn ìyá wa ló wá sí wa lọ́kàn. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti gbé garawa epo dé ni oúnjẹ iná wa ti ń ti òkèèrè wá: Cotonou, Guangzhou, Nàìjíríà. A ò ní sọ pé òmìnira ti dé, nítorí àwo tó ń gba oòrùn náà, Ṣáínà ló ti wá. Ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀, orí wa níbí ló ń ràn sí. Kò sí ẹni tó lè ti bọ́dà mọ́ oòrùn.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi kábáìdì ṣọdẹ rí, tàbí tí ìyá yín fi òrí tan fìtílà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín kó tó di ohun ìgbàgbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sì ń wo ọjà òkè òkun lórí fóònù, ẹ máa wo ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ koríko ẹṣin sí.